Ẹ Bá Wa Dúpẹ́ Lórí Éric Abidal

Ẹ bá wa gbé Olúwa ga! Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ wọ ikùn agbábọ́ọ̀lù Éric Abidal, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì padà sórí pápá.

Ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni ọmọ ilẹ̀ Faransé yìí. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Monaco, Lille àti Lyon kó tó dé Barcelona lọ́dún 2007. Nọ́ńbà mẹ́ta, ẹ̀yìn lápá òsì, ni ipò rẹ̀, àmọ́ bí kóòṣì bá fi í sí àárín ẹ̀yìn, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ipò méjèèjì kò jọra o. Nọ́ńbà mẹ́ta á sáré lọ, á sáré bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ti àárín ẹ̀yìn, fífò ni, kíkọlura ni, yíyí lójijì ni. Iṣan ikùn sì ni gbogbo rẹ̀ fara tì. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi bà wá.

Ní oṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n rí kókó nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọjọ́ 17. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ yọ irú kókó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò ní la ara ikùn kọjá. Ojú egbò sì lè jinná níta kí inú má tíì jinná. Ẹni tó bá kánjú sáré, ìfun lè gba ibi tí iṣan ti ṣí yọ.

Ọjọ́ 47 lẹ́yìn náà, ó wọlé nígbà tí ìdíje pẹ̀lú Real Madrid ń parí lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, nínú àṣekágbá Champions League ní Wembley, ó gbá ìṣẹ́jú 90 pé, Barcelona na Manchester United ní 3-1. Puyol tó jẹ́ balógun bọ́ àmì balógun, ó fi sí i lápá, Abidal ló sì kọ́kọ́ gbé ife sókè. Halelúyà!

Àìsàn náà ò tíì tán. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2012, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún un. Ìbátan rẹ̀ kan ló yọ̀ǹda apá kan tirẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá: bí wọ́n bá gé ẹ̀dọ̀, á tún dàgbà, lára ẹni tó fi sílẹ̀ àti lára ẹni tó gbà á. Àmọ́ ara kì í fẹ́ àlejò. Ojoojúmọ́ ni ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún ń lo oògùn kí ara má baà gbógun ti ẹ̀dọ̀ tuntun, oògùn yẹn kan náà ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn mìíràn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún máa bá àwọn géńdé forí gbárí!

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2013, ní Camp Nou, wọ́n mú Piqué, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, jáde nínú ìdíje pẹ̀lú Mallorca, Abidal wọlé. Àárín ẹ̀yìn ló dúró sí.

Ó tún padà sí Monaco, ó kọjá sí Olympiacos, ó sì di oṣù kejìlá ọdún 2014 kó tó bọ́ bàtà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ. A dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ ìbátan tó gbà kí wọ́n la ikùn òun torí ẹlòmíràn.