Ọdún Kan Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Ìyá Àgbà ní Khon Kaen

Ọdún ẹ̀kọ́ 2567 parí ní Táílándì nínú oṣù kẹta, 2025, iṣẹ́ mi sì parí pẹ̀lú rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n fi ń ka ọdún níbẹ̀, ó sì fi ọdún 543 ṣíwájú tiwa. 2024 ni wọ́n ń pè ní 2567. Láràárọ̀, èmi ni mo ń kọ ọ́ sára pátákó ní kíláàsì jẹ́léósinmi kan nílùú Khon Kaen, níwájú àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Mo fi ọmọ tèmi, tóun náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, mo lọ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lókè òkun. Ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ, torí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibi tí mò ń lọ kún fún ọmọ tí ìyá wọn ti ṣe ohun tí èmi náà ṣe.

Àríwá ìlà oòrùn Táílándì ni Khon Kaen wà, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Isan. Láti Bangkok, bọ́ọ̀sì á gba títì Mittraphap fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sí méje. Ìrẹsì, ìrèké àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí oko ẹ̀gẹ́ tó lọ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, inú mi dùn, mo ní gàrí kò ní wọ́n mi. Gàrí kankan kò sí; ilé iṣẹ́ tó ń sọ ọ́ di sítáàṣì ni wọ́n ń tà á fún. Ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra ni oúnjẹ wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́: wọ́n á bù ú, wọ́n á ṣù ú ní òkèlè, wọ́n á fi run ata gígún. Ní ti oúnjẹ, ara mi tètè balẹ̀.

Iyanrìn ló pọ̀ nínú ilẹ̀ Isan, ojú òjò ni àgbẹ̀ sì ń wò. Ìdí nìyẹn tó fi ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti ń lọ sí Bangkok àti àwọn ìlú tó yí i ká. Wọ́n ń wa takisí, wọ́n ń bá wọn kọ́lé, wọ́n ń ránṣọ ní fáktírì. Owó á máa bọ̀ nílé, ọmọ á wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Ẹnu géètì ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ìyá àgbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ọmọ wá láàárọ̀, lórí ọ̀kadà, ọmọ níwájú, báàgì ọmọ lọ́rùn ìyá. Ọmọ á sọ̀kalẹ̀, á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, á tẹrí ba fún mi, á yíjú padà, á ṣe bákan náà fún ìyá àgbà rẹ̀. Wai ni wọ́n ń pe ìkíni yìí. Ọmọ tí kò bá ṣe é, ìyá àgbà rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀. Á kàn dúró, ọ̀kadà á máa dún. Èmi tí wọ́n tọ́ láti má ṣe kí àgbà lóòró, mo mọ ohun tó ń dúró dè.

Bàtà kì í wọ kíláàsì. Bó bá ti di aago mẹ́jọ, àsíá á gòkè, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ á kọ orin orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn náà ni àdúrà. Olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Táílándì kan la jọ ń ṣe kíláàsì. Phi ni mò ń pè é, ohun tí wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Kọ́ńsónáǹtì 44 ni álífábẹ́ẹ̀tì wọn ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní nǹkan tí wọ́n fi ń dá a mọ̀: adìyẹ ló ṣáájú, ẹyin ló tẹ̀ lé e. Phi á máa fi ọ̀pá tọ́ka, àwọn ọmọ á máa ké e. Èmi náà á máa bá wọn ké e. Ohùn márùn-ún ló wà nínú èdè wọn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ nira fún etí tó ti mọ dò-re-mí Yorùbá láti mú un.

Tó bá kàn mí, Gẹ̀ẹ́sì ni: àwọ̀, ẹranko, ẹ̀yà ara, òǹkà. Aṣọ ọrùn mi ni mo fi kọ́ wọn ní àwọ̀. Ní Táílándì, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀: Ọjọ́ Ajé ni yẹ́lò, Ìṣẹ́gun ni pínǹkì, Ọjọ́rú ni àwọ̀ ewé, Ọjọ́bọ̀ ni àwọ̀ ọsàn, Ọjọ́ Ẹtì ni búlúù. Ohun tí mo bá wọ̀ wọlé láàárọ̀, wọ́n á ti máa pariwo orúkọ àwọ̀ rẹ̀ kí n tó bọ́ bàtà tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Wai Khru, torí ó wọ̀ mí lára. Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà ni wọ́n máa ń ṣe é, láti fi bu ọlá fún olùkọ́. Àwọn ọmọ máa ń gbé òdòdó àti ewé wá: koríko tó ń tètè gbilẹ̀, kí ìmọ̀ ọmọ lè gbilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òdòdó pupa kan tó rí ṣóńṣó, kí ọpọlọ lè mú, òdòdó ìgbá, torí pé ó máa ń dorí kodò, ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kúnlẹ̀ níwájú mi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó tẹrí ba kanlẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ jẹ́léósinmi nílé kí n tó lọ. Ojú ẹni tó ń báni wo ọmọ ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń wò wá. Owó oṣù wa sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Kò dáa. Ẹni tó kọ́ ọmọ bí a ti í jókòó, bí a ti í dúró de ẹnì kejì, bí a ti í di pẹ́ńsù mú, iṣẹ́ ńlá ló ṣe, Táílándì sì gbà pé iṣẹ́ ńlá ni.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn. Ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́ ibẹ̀ ló ń béèrè ẹni tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í sì í ka ọmọ Nàìjíríà mọ́ wọn, ká tiẹ̀ ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa sọ ọ́. Owó tí wọ́n ń san fún wa máa ń kéré sí tàwọn yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó ṣètò físà iṣẹ́ kó tó kúrò nílé, kó mú yẹ́lò káàdì dání, kó sì mọ̀ pé gbogbo àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló máa ń lọ sọ fún àwọn ìmígíréṣọ̀n pé ibi tí òun ń gbé nìyí. Ẹ má fi owó yín fún ẹni tó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi físà arìnrìn-àjò wọlé.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á tò sídìí ẹ̀rọ omi, kálukú pẹ̀lú ife àti búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, wọ́n á fọ eyín. A ó tẹ́ ẹní, wọ́n á sùn. Aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán nìyẹn. Wákàtí mẹ́fà ni Táílándì fi ṣíwájú Nàìjíríà, torí náà aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ló ń lù l'Ógbómọ̀ṣọ́, àsìkò tí ìyá mi ń wẹ ọmọ mi fún ilé ìwé. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni mo máa ń jókòó sí, tí mo máa ń fi WhatsApp pè wọ́n, jẹ́jẹ́, kí n má bàa jí ẹnikẹ́ni. Ọṣẹ ló máa ń wà lójú ọmọ mi.

"Màámi, àwọn wo ló ń sùn lẹ́yìn yín yẹn?"

Mo á yí fóònù sí wọn kó lè rí wọn. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ wọn ni ọmọ mi máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èyí tó wọ pátá pupa ńkọ́? Ẹni tó máa ń jẹ ìka ńkọ́? Ìyá mi á ní, "Jẹ́ kí ìyá ẹ sọ̀rọ̀, omi ń tutù."

Ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ni Ọjọ́ Ìyá níbẹ̀, ọjọ́ ìbí Ayaba Sirikit. Ọlidé ni, torí náà ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe tiwọn ṣáájú. Wọ́n to àga sínú gbọ̀ngàn, àwọn ìyá jókòó. Àwọn ọmọ mú òdòdó jásímínì funfun dání, wọ́n fi orúnkún rìn lọ bá ìyá wọn, wọ́n forí kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Orin ń lọ, àwọn ìyá ń sunkún. Lórí ọ̀pọ̀ àga, ìyá àgbà ló jókòó. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní fáktírì kan ní Samut Prakan, lẹ́bàá Bangkok. Ìyá àgbà rẹ̀ ró ìró sílíkì tí wọ́n ń hun ní Khon Kaen, ó jókòó ṣinṣin. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó fún un ní òdòdó kan, ó wá yọ òmíràn lábẹ́ kọ́là aṣọ rẹ̀. Ó ti rún. Phi sọ ohun tí ọmọ náà wí fún mi: ti ìyá òun nìyí, kí ìyá àgbà bá òun tọ́jú ẹ̀. Ìyá àgbà wé e sínú ańkáṣíìfù, ó fi sínú báàgì. N kò lè pe ilé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni èmi àti ìyá àgbà yìí ti di ara wa. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Táí tèmi kò sì kún ọwọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mo ní ọmọ kan sílé. Tó bá ti rí mi ní géètì, á fi ọwọ́ wọn ìwọ̀n gíga ọmọ kúrò nílẹ̀, á wo ojú mi. Èmi náà á fi ọwọ́ wọn tèmi, mo á gbé e sókè díẹ̀ ju ti oṣù tó kọjá lọ.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, àwọn tó ń jáde ní jẹ́léósinmi wọ gáùn, wọ́n dé fìlà, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí. Kíláàsì tèmi kàn fẹ́ bọ́ sí iwájú ni, wọn kò mọ̀ pé mò ń lọ. Àwọn ìyá àgbà mọ̀. Wọ́n jókòó yí mi ká, wọ́n ń so òwú funfun mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wúre. Àṣà Isan ni fún ẹni tó ń rìnrìn àjò. Òwú kún ọwọ́ mi méjèèjì.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta, 2025, ilẹ̀ mì tìtì ní Myanmar, ilé gíga kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ sì wó lulẹ̀ ní Bangkok. Àwọn ọmọ Isan pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ilé kíkọ́ níbẹ̀. Ìyá mi gbọ́ ọ nínú rédíò, ó pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Phi ló sọ fún mi pé ìyá àgbà náà ń pe Samut Prakan títí ilẹ̀ fi ṣú kí ọmọ rẹ̀ tó gbé e.

Mo dúró de Songkran, ọdún tuntun wọn, láti ọjọ́ 13 sí 15 oṣù kẹrin. Ìgbà yẹn ni àwọn ará Bangkok máa ń ya bo Isan, bí àwọn ará Èkó ti ń ya lọ sílé fún Iléyá. Ìyá àgbà ní kí n wá sí abúlé wọn. A da omi olóòórùn dídùn sí àwọn àgbà lọ́wọ́, wọ́n súre fún wa. Ìyá ọmọ náà ti dé ní òru, ó sì gbé mọ́tò ìṣeré àti ìdì aṣọ tuntun wá. Ọmọ náà ti sá sẹ́yìn ìyá àgbà, ó di ìró rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ kò pè é, kò fà á. Ó mú ọ̀bẹ, ó jókòó, ó ń bó máńgòrò. Mo jókòó tì í, mo ń bá a bó o. Máńgòrò pọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kẹrin náà, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Nígbà tí a bó ìkẹta, ọmọ náà ti wá jókòó sí àárín wa, ó la ẹnu.

Bọ́ọ̀sì kan náà la jọ wọ̀ padà. Ní Mo Chit, ibùdókọ̀ kan ní Bangkok, ìyá ọmọ náà wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Samut Prakan, èmi wọ takisí lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ó béèrè bóyá mo máa padà wá. Mo ní rárá.

Mo ti wà nílé báyìí. Mo ti rí iṣẹ́ ní jẹ́léósinmi kan nítòsí wa. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ ti Khon Kaen rárá, mo sì ti sọ ohun tí mo rò nípa rẹ̀ fún ọ̀gá wa, mo máa tún sọ ọ́. Ọmọ mi ti gbà kí n máa wẹ òun láàárọ̀. Tó bá di alẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ṣì ń lọ sùn, mi ò sì dá a dúró.