Ohun tí Ìyá Ṣadé sọ ní orí keje

Orí keje ni ètò mi ti dàrú.

Ìtàn alájọ kan ni mò ń kọ, ọkùnrin tó gba owó àjọ àwọn ọlọ́jà tó sì di àwátì. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ti to gbogbo rẹ̀ sínú nóòtù, láti orí kìíní dé orí kejìdínlógún: alájọ á sá gba Kútọnu lọ, ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́ ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ìyá Ṣadé kàn fẹ́ wọn èlùbọ́ fún oníbàárà kan ni, kó sì kúrò nínú ìtàn. Àfi bó ṣe gbé kóńgò sílẹ̀, tó gbọn èlùbọ́ kúrò lọ́wọ́, tó ní: "Ta ló sọ fún yín pé ó sá? Ẹ ti dé ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀?"

Mo gbé bíírò sílẹ̀. N kò rò ó tẹ́lẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ń jókòó sídìí igbá láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló pamọ́ fún un lọ́jà?

Mo ti kọ̀wé láìṣètò rí o. Mo kọ ogójì ojú ìwé nípa obìnrin kan tó wọ mọ́tò l'Óṣogbo. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó ń wá lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ó ṣì ń dùn mí.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni màmá wa àgbà ń ṣe n'Íbàdàn. Bó bá fẹ́ ya Ìbàdàndùn, ọnà àdìrẹ kan, á kọ́kọ́ ṣẹ́ aṣọ po, á fi èékánná tẹ ojú ìṣẹ́po náà, títí aṣọ á fi pín sí onígun mẹ́rin kéékèèké. Ọ̀wọ̀n Gbọ̀ngàn Mápó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn kò ṣeé yẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún. Bí mo bá bi í pé kí ló máa yà sí igun ọ̀hún, á ní, "Jẹ́ kí n débẹ̀ ná." N kò rí rúlà lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ohun tó pamọ́ ni mò ń ṣètò báyìí: ẹni tó mú owó, ibi tó wà, ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, n kì í kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú mọ́.

Mo ti fa orí kẹjọ dé ìparí ètò yẹn ya. Lálẹ́ àná, mo padà sí orí kejì, mo la fèrèsé kan sára ilé ẹ̀gbọ́n alájọ, kó dojú kọ ìsọ̀ èlùbọ́. Mo wá tan àtùpà síbẹ̀.