Kí N Tó Fọwọ́ Sí Fọ́ọ̀mù Kámpù

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, 2025. Ìbàdàn.

Òjò winniwinni ló ń rọ̀ láti àárọ̀, òtútù sì ti gba gbogbo ilé. Síbẹ̀, "Summer Camp", ìyẹn kámpù ìgbà ooru, ni wọ́n tẹ̀ gàdàgbà sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì tí ọmọbìnrin mi gbé bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Súwẹ́tà ni mo kọ́kọ́ kó sínú báàgì rẹ̀. Búláńkẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà tọ́ọ̀ṣì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ àti ṣíbí, pẹ̀lú gààrí tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú ìwé ṣùgbọ́n tí kò sí ọmọ tó lọ kámpù tí kì í gbé e. Ó wá ku fọ́ọ̀mù.

Ojú àkọ́kọ́ fọ́ọ̀mù náà kò ṣòro: orúkọ, ọjọ́ orí, jẹ́nótáìpù, oúnjẹ tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe kámpù kọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ sí: Mẹ́talọ́kan, Bíbélì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ikú Jésù nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa, àtúnbí, ìpadàbọ̀ Rẹ̀. Kò sí èyí tí mi ò gbà nínú wọn. Ibi tí mo dúró sí ni ibi tí wọ́n ti ní ọmọdé, bó ti wù kó kéré tó, lè fi ẹnu ara rẹ̀ gba Jésù ní Olúwa. Gbogbo kámpù ọmọdé onígbàgbọ́ tí mo mọ̀, orí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n dúró lé.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1867, oníwàásù ará Amẹ́ríkà kan, Edward Payson Hammond, ṣe ìpàdé fún àwọn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù. Josiah Spiers wà lára àwọn tó lọ wo ohun tó ń ṣe. Spiers kì í ṣe àlùfáà. Òun náà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ọmọdé nínú ilé kan ní Islington lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tí ọdún 1868 fi dé, ó gba ọlidé lọ sí etí òkun Llandudno ní Wales. Ó kọ "Ìfẹ́ ni Ọlọ́run" sórí iyanrìn, ó ní kí àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀ wá fi òkúta wẹ́wẹ́, ìkarahun àti koríko òkun ṣe lẹ́tà náà lọ́ṣọ̀ọ́. Bí wọ́n ṣe ń tò ó, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ Jésù. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an. Nínú gbogbo ohun tí oníwàásù lè kọ sílẹ̀ fún ọmọdé, kò kọ ti iná ọ̀run àpáàdì. Iṣẹ́ yẹn ló di Children's Special Service Mission, inú rẹ̀ náà sì ni Scripture Union ti jáde lọ́dún 1879, tó ń fún àwọn ọmọ ní ibi tí wọn yóò kà nínú Bíbélì lójoojúmọ́.

Lápá Amẹ́ríkà, Sumner Dudley kó àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ lọ sẹ́bàá adágún kan ní ìpínlẹ̀ New York lọ́dún 1885 lórúkọ YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin onígbàgbọ́. Kámpù náà ṣì wà títí dòní, Camp Dudley ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1898, Eliza Hawes háyà ilé ọtí kan ní ìlú New York láti fi kọ́ àwọn ọmọ ìgboro ní Bíbélì nígbà ọlidé. Ilé ọtí! Bí ẹnì kan bá dá irú ẹ̀ lábàá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìpàdé ìgbìmọ̀ ọjọ́ yẹn ò ní tú.

Èmi náà ṣe SU nílé-ìwé girama. Orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń bú wa, "SU ni ẹ, o ò mọ fàájì." Ní kámpù, agogo á dún kí ilẹ̀ tó mọ́, kálukú á gbé Bíbélì rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, a ó jókòó ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń kàwé láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, mo ṣì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n á dáná, a ó kọ ẹ̀ṣẹ̀ wa sórí bébà, a ó jù ú síná. Ẹran inú ọbẹ̀ ìyá mi ni mo kọ. Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni ìpè tó ń tẹ̀ lé e. "Bí Jésù bá dé lálẹ́ yìí ńkọ́?" Bí ọmọ kan bá ti bú sẹ́kún, gbogbo wa ti bú sẹ́kún nìyẹn. Lọ́dọọdún ni mo ń jáde síwájú, àfi bíi pé ti ọdún tó kọjá ò mú. Lẹ́yìn irú kámpù bẹ́ẹ̀ ni mo jí lójú oorun ọ̀sán lọ́jọ́ kan tí ilé pa lọ́lọ́. Mo sáré wọ yàrá ìyá àgbà, torí mo mọ̀ pé bí ìgbàsókè, tí Jésù yóò kó àwọn tirẹ̀ lọ sọ́run, bá ti wáyé, màmá ò ní sí ńlẹ̀. Ibùsùn ṣófo. Mo ti dọ̀bálẹ̀ tí mò ń ké kí n tó gbóhùn wọn ní ojúlé kejì, níbi tí wọ́n ti ń ná ẹ̀lùbọ́.

Ìtàn kan wà tí kò jẹ́ kí n tètè gbé bírò. E. J. H. Nash bẹ̀rẹ̀ kámpù fún àwọn ọmọ ilé-ìwé olówó ńláńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ó gbà pé bí àwọn aṣáájú ọ̀la bá ti di ti Kristi, ìlú á tẹ̀ lé wọn. Lọ́dún 1938 ló wàásù ní ilé-ìwé Rugby, John Stott, tó di oníwàásù ńlá lẹ́yìn náà, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà yẹn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Jésù, "Mo dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn, mo sì ń kànkùn," lẹ́nu Nash, ó ṣílẹ̀kùn ọkàn rẹ̀. Iwerne Minster ni kámpù náà wá fìdí sí. Ibẹ̀ náà ni John Smyth, agbẹjọ́rò ńlá, ti rọ́wọ́ mú. Ó ń kó àwọn ọmọkùnrin lọ sínú ahéré kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń nà wọ́n ní pàṣán títí wọ́n á fi máa ṣẹ̀jẹ̀, ó ní kí wọ́n fi san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Lọ́dún 1982, wọ́n kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò mú un lọ fún ọlọ́pàá. Smyth kó lọ sí Zimbabwe, ó dá kámpù tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún 16 kan kú síbi kámpù náà ní Marondera lọ́dún 1992. Ọdún 2018 ni Smyth kú, ilé-ẹjọ́ kankan ò dá a lẹ́bi. Nígbà tí ìwádìí Makin, èyí tí Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ Smyth, jáde ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, àwọn tó fìyà jẹ lé ní 100, Justin Welby, olórí ìjọ náà, sì kéde pé òun yóò fi ipò Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury sílẹ̀.

Jésù tí wọ́n fi pe Stott náà ni Smyth fi ń pe àwọn ọmọ. Bí a bá ti ní ọmọdé lè dá pinnu níwájú Ọlọ́run, ẹni tó dúró láàárín òun àti Ọlọ́run lọ́jọ́ náà ti di alágbára, a kì í sì í bi alágbára ní ìbéèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ó kàn ní "ẹni Ọlọ́run ni wọ́n."

Mo pe màmá tó ń darí kámpù ní ìrọ̀lẹ́. Mo kí wọn dáadáa, kí wọ́n má bàa rò pé mo fẹ́ jà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń sùn sí yàrá àwọn ọmọbìnrin?" Wọ́n ní àwọn obìnrin méjì méjì ni, àgbàlagbà kan ò sì gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ì báà jẹ́ àdúrà ni wọ́n fẹ́ gbà. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn ọmọ kì í mú fóònù wá. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. A fà á díẹ̀, wọ́n gbà pé ọmọ tó bá fẹ́ pe ilé á fi fóònù tiwọn pè, lọ́jọ́ yòówù. Mo kọ ọ́ sétí fọ́ọ̀mù kí n tó fọwọ́ sí i.

Mo wá pe ọmọ mi jókòó. Mo ní bí àgbàlagbà kankan bá sọ fún un pé kó má sọ nǹkan fún mi, nǹkan yẹn gan-an ni kó kọ́kọ́ sọ.

Ó ronú sí i. "Mọ́mì, tó bá jẹ́ pé nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi yà yín lẹ́nu lọ́jọ́ ìbí yín ńkọ́?"

Mo ní kó sọ ìyẹn náà.