Má tíì fọwọ́ kan súkúrúdíráfà yẹn: ohun tí bias áńpù gìtá kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa ní Mọ́kọ́lá, àti ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìdí áńpù oní-fáàfù (fáàfù ni gíláàsì bíi gílóòbù tó ń mú kí ohùn gìtá ròkè), ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Fáàfù EL34 méjì ni mo fọwọ́ ara mi jó pa. Wọn ò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹnì kan ló bá wa rà wọ́n ní London, ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé wọn sínú báàgì kí wọ́n má baà fọ́, torí mo ti rin Ògùnpa dé Dùgbẹ̀ kí n tó bẹ̀ ẹ́, n ò rí ẹyọ kan. Oṣù mẹ́ta ni mo fi san owó wọn.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ni áńpù náà, tòkunbọ̀ oníwáàtì 50. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo jókòó tì í. Mo tan án, mo jẹ́ kó gbóná fún ogún ìṣẹ́jú, mo wọn fóòtì tó wà lórí pléètì, ìyẹn irin tó wà lóde jù nínú fáàfù: 356. Mo ti kà á nínú ìwé pé pléètì EL34 ò gbọdọ̀ ru ju wáàtì 25 lọ, àti pé kó má ju ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá ta gìtá. Wáàtì 17.5 nìyẹn. Mo fi 356 pín in, ó fún mi ní miliámpù 49. Mo bá ń yí pírísẹ́ẹ̀tì bias, ìyẹn súkúrù kékeré tó ń pinnu iye iná tó ń gba inú fáàfù kọjá, díẹ̀díẹ̀ títí mítà fi dúró sórí 49. Mo tilẹ̀ ya fọ́tò mítà náà fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan.

Alẹ́ Sátidé ni ọmọ tó ń ta gìtá pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bọ̀, nǹkan kan ń pọ́n nínú áńpù yìí." Kì í ṣe iná kékeré tó máa ń tàn láàárín fáàfù ló rí. Ìyẹn kò léwu, ó yẹ kó tàn. Irin eérú tó yí i ká lóde, ìyẹn pléètì fúnra rẹ̀, ló pọ́n bí ẹyin iná. Mo ki mítà bọ ọ́: fóòtì 450, miliámpù 70 dín díẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Wáàtì 31 lórí nǹkan tí kò yẹ kó ru ju 25. Kí n tó pa á, ọ̀kan ti kú, èkejì ò sì ní láárí mọ́.

Ọ̀gá ò bá mi jà. Rédíò oní-fáàfù ló fi kọ́ṣẹ́, irú èyí tó ti wà kí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959, nígbà tó jẹ́ pé fáàfù ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ rédíò. Ó kàn bi mí pé, "Fóòtì mélòó ló ń bọ̀ láti ara ògiri nígbà tó ò ń yí i?" N ò lè dáhùn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago méjì ọ̀sán, ó ní kí n ki mítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù. 190 ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, iná dé 240.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí bias jẹ́, torí àwọn kan ń yí i bí ẹni ń yí fólúùmù. Ẹ wo dírẹ́bà Máíkírà tó ń dúró de èrò ní Ìwó Road. Ó ti sítáàtì mọ́tò, kò tíì tẹ tọ́rótù. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré nígbà yẹn ni mẹkáníìkì ń pè ní silóò. Tí silóò bá kéré jù, mọ́tò á máa gbọ̀n, á fẹ́ kú bó bá fẹ́ gbéra. Tó bá pọ̀ jù, epo ń lọ, ẹ́ńjìnnì ń gbóná, kò sì tíì gbé èrò kankan. Bias ni silóò fáàfù.

Nínú fáàfù, káátódù ń gbóná, ó ń tú iná sílẹ̀, pléètì tó ru fóòtì 400 àti lé ń fà á. Gíríìdì wà láàárín wọn bíi ẹni tó ń ṣọ́ gééètì. Fóòtì òdì la ń fún un, bíi 38 òdì, ìyẹn ló fi ń dá iná náà dúró. Bí òdì yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni iná tó ń kọjá ṣe máa kéré tó. Pírísẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn, fóòtì òdì ló ń yí, kò yí nǹkan mìíràn.

Fáàfù méjì tó wà lẹ́yìn kì í sì í ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ni wọ́n rí: ọmọ odó ọ̀kan ń lọ sókè, ti èkejì ń bọ̀ nílẹ̀. Tí bias bá tutù jù, ìyẹn tí iná tó ń kọjá bá kéré jù, ọ̀kan á ti dáwọ́ dúró kí èkejì tó gbà á, àlàfo kékeré á wà láàárín. Ibi tí gìtá ti ń dún jẹ́jẹ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ, á máa ha létí bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Tó bá gbóná jù, ohùn á dùn, á rọ̀, ṣùgbọ́n owó fáàfù lẹ fi ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin kan á ní, ṣebí tí iná ògiri bá gòkè, fóòtì òdì náà á gòkè, ṣé wọn ò ní bára wọn dọ́gba ni? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Wọn ò dọ́gba. Pléètì, sìkírínì (gíríìdì kejì tó wà nítòsí pléètì) àti gíríìdì jọ gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná tó ń ṣàn inú fáàfù ń sáré jù wọ́n lọ. Láti 190 dé 240, fóòtì fi nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 lé. Miliámpù mi fi ìdá 42 lé. Ẹ wá ranti pé wáàtì jẹ́ fóòtì lọ́nà miliámpù, tẹ́ ẹ bá fi 1000 pín in, méjèèjì ló sì gòkè. Nítorí náà, nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí lórí mítà láìwọn iná ògiri, àròsọ ni. Ibi tí wọ́n ti máa lo áńpù ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: jẹnẹrétọ̀ ni, àbí iná ìjọba? Wọ́n ní sitabiláísà? Tí wọn ò bá ní, ẹ ṣírò fún fóòtì tó ga jù tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi dáadáa. Fóòtì 450 ò ní fún yín ní ìkìlọ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ púlọ́ọ̀gì pàápàá, kapásítọ̀ ńláńlá inú rẹ̀ ṣì lè di iná mú. Ọ̀gá máa ń so rèsítọ̀ kẹ 10 (óòmù 10,000) oníwáàtì 5 mọ́ wáyà méjì tó ní ìdìmú rọ́bà, á fi kan kapásítọ̀ àti chassis (àpótí irin áńpù náà) fún ìgbà díẹ̀, á wá fi mítà wò ó kó tó gbà pé ó ti tán. Tí áńpù bá wà lórí iná, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò, èkejì wà nínú àpò ṣòkòtò. Ó máa ń bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sínú agolo mílíìkì lórí tábìlì, ìyàwó rẹ̀ ò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ẹ má sì tan áńpù fáàfù láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀. Tí ẹ bá ta gìtá sí i bẹ́ẹ̀, tíráńsífọ́mà ẹ̀yìn lè jóná, ìyẹn sì wọ́n ju fáàfù lọ.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n: ẹ fi rèsítọ̀ óòmù 1 sáàárín ẹsẹ̀ 8 fáàfù àti chassis, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Milifóòtì tí mítà bá sọ lórí rẹ̀ náà ni miliámpù. Iná sìkírínì wà nínú rẹ̀, bíi miliámpù márùn-ún fún EL34, torí náà ohun tó dé orí pléètì kéré díẹ̀ sí ohun tẹ́ ẹ rí, kò sì pa yín lára. Ẹ wo ẹsẹ̀ 1 náà: fún EL34 a ní láti so ó mọ́ 8, ṣùgbọ́n ní 6L6, fáàfù irú mìíràn, kò ṣe iṣẹ́ kankan, nítorí náà ẹ lè bá sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọn ò so. Wáàtì 30 ni pléètì 6L6GC lè ru. Ti EL84, fáàfù kékeré, jẹ́ 12. Tẹ́ ẹ bá sì pàdé áńpù Vox AC30, ẹ má wá pírísẹ́ẹ̀tì kiri, kò ní. Rèsítọ̀ ìdí káátódù ló ń ṣe bias fúnra rẹ̀.

Èmi ò kì í dé 70 yẹn mọ́. Òkè ni ìdá 70 wà, kì í ṣe ibi tó yẹ ká máa gbé. N'Ìbàdàn yìí, ìdá 60 ni mò ń ṣe, wáàtì 15 fún EL34, kò sì tíì sí olórin kan tó dá a mọ̀ tẹ́ni bá dìídì bò ó lójú. Wọ́n á ní àwọn mọ̀ ọ́n. Ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ má jiyàn.

Ọ̀kan ṣì kù. Áńpù kan wá, pléètì fáàfù apá òsì ń pọ́n lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo yí bias sí tútù, ó dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé e padà. Mo tún yí i. Nígbà kẹta ni ọ̀gá gba súkúrúdíráfà lọ́wọ́ mi, ó ní, "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá." Ó yọ fáàfù méjèèjì, ó tan áńpù, ó wọn ẹsẹ̀ 5 sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Apá ọ̀tún, 38 òdì. Apá òsì, 21 òdì, ó sì ń rọra dín kù bá a ṣe ń wò ó. Kapásítọ̀ tó ń gbé ohùn wá sí gíríìdì ló ń jò, fóòtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń yọ́ wọlé, ó ń pa òdì rẹ́. Kapásítọ̀ kékeré kan la pààrọ̀. A dá fáàfù padà, kò pọ́n mọ́.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ṣe bias tán, mo máa ń lẹ téèpù funfun sínú chassis, mo fi bírò kọ déètì, iná ògiri, fóòtì pléètì àti miliámpù fáàfù kọ̀ọ̀kan. Áńpù ṣọ́ọ̀ṣì yẹn padà wá lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ń já, kí n "bá wọn tún bias rẹ̀ ṣe." Mo ṣí i. Téèpù mi ṣì wà níbẹ̀, ó ti pọ́n díẹ̀ létí: iná 230, pléètì 431, 34 àti 35. Mo fi sitabiláísà gbé iná dé 230, mo dúró ogún ìṣẹ́jú, mo wọ̀n ọ́n: 33 àti 35. Mo dé ìdí rẹ̀ padà, mo ní kí wọ́n lọ gbé gìtá náà wá. Wáyà rẹ̀ ló já.