Ìtẹ́ ẹ̀gà, àpótí oyin àti ọ́fíìsì wa: àyẹ̀wò ọdún

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ l'Ékòó, àwọn akáwó sì ti ń pa ìwé ọdún dé. Ìṣirò méjì kan wà tí kì í sí nínú ìwé wọn: nínú gbogbo ohun tí a dá sílẹ̀ lọ́dún yìí, èwo lẹnikẹ́ni ń lò? Kí ló sì ń lé àwọn ènìyàn wa lọ? Lórí méjèèjì, ẹ̀gà àti oyin ni mo gbà lọ́gàá.

Ẹ wo igi ọ̀pẹ tí ẹ̀gà pọ̀ sí. Ewé imọ̀ rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀pá àárín nìkan ló máa ń kù, torí ewé tútù ni akọ ẹ̀gà ń fà ya láti fi hun ìtẹ́. Ewé gbígbẹ kì í ṣeé hun, ṣe ló ń dá. Òrùka kan ló kọ́kọ́ ń hun, á dúró sínú rẹ̀, ibi tí ẹnu rẹ̀ bá nà dé ni fífẹ̀ ilé. Bó bá parí, á rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, á máa ju apá, á máa ké sí abo. Abo á wọlé, á fẹnu fa ibí, á fa ọ̀hún. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lọ nìyẹn. Ìtẹ́ tí abo kankan ò gbà títí tó fi gbẹ, akọ tó hun ún náà ni yóò tú u, yóò sì hun òmíràn.

Títú yẹn la ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àlejò á di mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo, ìpàdé àárọ̀ Mọ́ńdè á ti gbàgbé ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i kó pín sí mẹ́ta: orúkọ nǹkan náà, ẹni tó lò ó kẹ́yìn, ọjọ́ tó lò ó. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù, ìpàdé, gúrúùpù WhatsApp àti òfin tuntun sí i. Ẹni tó ń lò ó ni kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe ẹni tó dá a sílẹ̀. Abo ló ń yẹ ilé wò. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn fún 90 ọjọ́, ẹ tú u kí ọdún tó yí. Kí ẹni tó dá a sílẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tú u o, torí bí ẹlòmíràn bá tú u, ìjà ni yóò dà.

Ti oyin ló ká mi lára jù, torí ó kan ọ̀rọ̀ japa. Oyin ilẹ̀ wa yára fi ilé sílẹ̀ ju ti Yúróòpù lọ. Àwọn tó ń sin ín mọ ohun tó ń lé e: ooru, omi tó jìnnà, èèrà tó ń gun ẹsẹ̀ àpótí, ebi, àti ọwọ́ ènìyàn tí kì í jẹ́ kó sinmi. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ nínú àpótí máa ń wà ní nǹkan bí 35°C. Bí oòrùn bá ń pa àpótí láìsí ibòji, àwọn òṣìṣẹ́ á pa oúnjẹ wíwá tì, wọ́n á máa pọn omi wálé, wọ́n á máa fi ìyẹ́ fẹ́ ilé. Ẹni tó dúró lóòkán á rò pé iṣẹ́ ń lọ, gbogbo wọn ń sáré, oyin ò sì lé sí i. Ẹni tó ń jí kúrò ní Ìkòròdú láago mẹ́rin ààbọ̀ kó lè dé Màrínà láago mẹ́jọ, ó ti fi ìdajì agbára rẹ̀ fẹ́ ooru kó tó jókòó. Kó máa wọlé láago mẹ́wàá, tàbí kó máa ṣiṣẹ́ nílé lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, ibòji nìyẹn.

Èéfín náà wà ńbẹ̀. Bí wọ́n bá fín èéfín sí oyin, ṣe ló ń sáré mu oyin kún inú, bí ẹni tí ilé fẹ́ jó mọ́ lórí. Ọ̀gá tó ń bèèrè "ibo lẹ bá a dé?" lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, tó tún ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́, èéfín ló ń fín. Olúkúlùkù á máa ṣa ohun tó máa kó lọ.

Oyin tí ooru tàbí ebi ń lé kì í ṣàdédé lọ. Ayaba á dín ẹyin kù, wọ́n á tọ́ ọmọ tó wà nílẹ̀ dàgbà, wọ́n á máa jẹ èyí tí wọ́n tò jọ. Láti ẹyin títí di òṣìṣẹ́ tó jáde nínú ihò afárá tó nǹkan bí ọjọ́ 20, nítorí náà ẹni tó ń yẹ afárá wò fún ẹyin á ti rí i ṣáájú. Ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà nìkan, oyin tó ń wọlé tó ń jáde ló ń rí. Lọ́fíìsì, ẹni tó fẹ́ lọ kì í gba iṣẹ́ tó máa kọjá oṣù tó ń bọ̀ mọ́, á parí tọwọ́ rẹ̀ láìkù síbì kan, á lo ìsinmi rẹ̀ tán, kò sì ní jiyàn nípàdé mọ́. Àwọn kan á ní ó ti gbọ́n sí i! Ẹ wo ìwé iṣẹ́ ọdún tuntun: bí orúkọ rẹ̀ ò bá sí lábẹ́ ohunkóhun nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ mọ èwo nínú ohun márùn-ún tó ń lé oyin ló ń lé e. Owó lè wo ebi sàn, kò lè wo èèrà sàn. Bí èèrà bá ń gun àpótí, inú agolo ọ́ìlì ni wọ́n ń ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀, wọn kì í gbé ṣúgà síbẹ̀. Èèrà ọ́fíìsì ni ẹni tó ń gba iyì iṣẹ́ tí ọmọ abẹ́ rẹ̀ ṣe.

Orúkọ "ayaba" sì ń tàn wá. Bí ọ̀wọ́ oyin bá ń wá ilé tuntun, kì í ṣe ayaba ló ń yàn án. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú àwọn àgbà òṣìṣẹ́ á lọ wò káàkiri, wọ́n á padà wá fi ijó júwe ohun tí wọ́n rí, àwọn yòókù nínú wọn á lọ fojú ara wọn wò ó kí wọ́n tó jó tẹ̀ lé wọn. Bí nǹkan bí 20 tàbí 30 nínú àwọn tó ń lọ wò bá ti pàdé níbì kan, ọ̀rọ̀ parí, wọn ò dúró de gbogbo ayé. Ijó olúkúlùkù sì ń dín kù bó ṣe ń padà wá, títí yóò fi dákẹ́.

Nítorí náà, nípàdé àkọ́kọ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ dá iye ohùn tó máa parí ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bẹ́ ẹ bá jẹ́ méje, kó jẹ́ márùn-ún. Kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀ sínú ìwé ná. Kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ ka tirẹ̀, kí ọ̀gá kà á gbẹ̀yìn.