Agolo mílíìkì

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, inú dánfó kan tó ti dẹnu kọlẹ̀ lábẹ́ afárá Ọ̀ṣọ́dì ni mò ń sùn. Lónìí, aṣọ Kérésì ọmọdé mẹ́rin ló wà níwájú mi tí mi ò tíì gé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ta ni yóò dúró kí télọ̀ tó ń wúkọ́ máa fi téèpù wọn òun lọ́rùn? Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi jẹ. Nígbà tí owó ilé pé, tí kò sí, onílé kó ẹrù mi síta. Mi ò bú u. (Mo bú u díẹ̀.)

Ní oṣù kejì, mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn ìjọba: ikọ́ ife ni. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹni tí kò nílé fẹ́ kó oògùn sí? Inú báàgì tí mo fi ń rọrí ni. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n yọ ọ́ lábẹ́ orí mi. Wọ́n ṣe bí owó ni. Ìtìjú ò jẹ́ kí n padà lọ sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ẹ̀jẹ̀ tún dé. Nọ́ọ̀sì ní àfi ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Òun náà ló júwe ilé tí àwọn ìyá ìjọ kan ṣí fún aláìnílé.

Màmá tó ń bójú tó ilé yẹn fún mi ní yàrá tèmi nìkan níbẹ̀rẹ̀, ó ní fèrèsé rẹ̀ ò gbọdọ̀ padé. Ó wá gbé agolo mílíìkì kan lé mi lọ́wọ́.

"Télọ̀, inú èyí ni oògùn ẹ yóò máa gbé."

Hóró mẹ́ta láràárọ̀ kí n tó jẹun, torí kílò 46 péré ni mo wọ̀n.

"Ṣé o ti lò ó?"

"Mo ti lò ó, mà."

"Lanu."

Ọkùnrin ọmọ ọdún 41!

Ìtọ̀ mi pọ́n bíi sóbò, àyà mi já. Nọ́ọ̀sì kàn rẹ́rìn-ín, ó ní oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta mí ṣáá, wọ́n fi fítámì B6 kún un. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọn ò rí kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi mọ́. Kí n má purọ́, mo fẹ́ dá oògùn dúró níbẹ̀. Ara ti ń le. Màmá ò bá mi jiyàn. Ó gbé agolo wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó tì mí títí mo fi gbé e mì.

Mo parí rẹ̀ ní òpin oṣù kẹwàá. Kílò 58.

Mi ò tíì ní yàrá tèmi. Mo ti ṣírò owó ilé, agírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n, ó ṣì jìnnà. Ẹ̀rọ tí wọ́n yá mi nílé yìí ni mo fi ń ránṣọ, mo sì ti sọ agolo yẹn di ilé bọ́tìnì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú ọmọkùnrin kan wọlé, ikọ́ ò jẹ́ kó lè kí wa tán. Màmá yọjú sí mi: "Télọ̀, agolo yẹn dà?"

Mo da àwọn bọ́tìnì sínú ọ̀rá.