Kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìkánjú ló mú mi fi ímeèlì ara mi, ìyẹn àkáǹtì Microsoft mi, ṣí kọ̀ǹpútà Windows tuntun kan fún ẹlòmíràn nígbà kan. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀dà tuntun BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ, sí i, ni ẹ̀rọ bá yarí: àfi kí wọ́n tẹ kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 ti ìpàrokò dísíkì, ìyẹn títi ohun inú dísíkì pa kí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ má lè kà á, kó tó ṣí. Inú àkáǹtì mi ni kọ́kọ́rọ́ náà wà, mi ò sì sí níbi iṣẹ́ yẹn mọ́. Kí wọ́n tó rí mi, ẹni ẹlẹ́ni ti gbà pé gbogbo iṣẹ́ òun ti ṣòfò. Mi ò lè gbàgbé ohùn rẹ̀ lórí fóònù.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ kì í bá ṣe tèmi, àkáǹtì tó mọ sórí ẹ̀rọ nìkan ni mo ń ṣí síbẹ̀. Lórí Windows 11 Pro, ẹ sọ pé iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé ni ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ wọ “Sign-in options”, kí ẹ tẹ “Domain join instead”. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Orúkọ, páásíwọ̀ọ̀dù àti ìbéèrè ààbò mẹ́ta ló máa béèrè. Ti Windows 11 Home, ẹ̀dà ti ilé, le jù. Àṣẹ bypassnro tí a máa ń fi fo íntánẹ́ẹ̀tì àti àkáǹtì nígbà tí a bá ń ṣètò ẹ̀rọ, Microsoft yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dà ìdánwò ní 2025, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Rufus, ètò tó ń gbé Windows sórí fíláàṣì, ni mo fẹ́ràn: bí ẹ bá ń fi í ṣe fíláàṣì, ó máa bi yín bóyá kó yọ ọ̀ranyàn àkáǹtì kúrò. Debian àti Fedora, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Linux, ò tilẹ̀ béèrè àkáǹtì.

Àmọ́ ibi tó ti ń dun àwọn ènìyàn kò sí níbi ṣíṣí. Àkáǹtì yìí kò ní ímeèlì tí wọn yóò fi páásíwọ̀ọ̀dù tuntun ránṣẹ́ sí. Ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ dáhùn nígbà tí ẹ ń ṣí i ló kù, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló sì yẹ kó dáhùn wọn, kì í ṣe ẹ̀yin. Ìpàrokò dísíkì náà ńkọ́? Tí kò bá sí àkáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè wà lórí ẹ̀rọ láìdáàbò bo nǹkan kan. Ẹ tẹ àṣẹ manage-bde -status nínú Command Prompt tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó (Run as administrator), kí ẹ fojú ara yín rí i. Lórí Pro, ẹ tan BitLocker, ìpàrokò dísíkì ti Windows, fúnra yín, kí ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí bébà.

Mo máa ń fa bébà náà lé ẹni tó ni ẹ̀rọ lọ́wọ́, a ó sì jọ ka nọ́ńbà 48 náà tán kí n tó dìde.